Sisí Oníríbọ́ọ̀nù

Kò sí ibì kan lágbègbè Èjìgbò tí ẹ ò ti ní bá a. Ó wà ní Màsífà, ó wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Bí kì í bá ṣe òun, àbúrò rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀. Àbíjáàn ni wọ́n bí i sí, nítorí náà "bonjour" ló fi ń kí oníbàárà lórí WhatsApp, Yorùbá ló fi ń ná ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń ṣe fáàrí. Ọjà rẹ̀ kò burú o: ọṣẹ dúdú tí ìyá rẹ̀ fi eérú èèpo kòkó àti àdí sè, òrí tó ti Ṣakí wá, àdìrẹ tó rà l'Óṣogbo. Ìyá ló mọ ọṣẹ. Ti ọmọ ni pákéèjì.

Ẹ wá wò ó lálẹ́ tó bá ń di ẹrù. Bébà pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rèé, ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ wúrà rèé, sítíkà tó ya àwòrán ara rẹ̀ sí rèé, káàdì ìdúpẹ́ tó fín lọ́fínńdà sí rèé. Ohun tí wọ́n fi wé ọṣẹ ti wọ́n ju ọṣẹ lọ! Yóò gbé fóònù kalẹ̀, yóò ya fídíò, yóò tú ríbọ́ọ̀nù, yóò tún un so, torí kókó àkọ́kọ́ kò jókòó dáadáa. Nínú gbogbo wàhálà yìí, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ta ni yóò gbé páálí tó kó gbogbo rẹ̀ sí, kí ni wọn yóò sì gbé lé e lórí.

Àbíjáàn ni ẹrù ń lọ. Mọ́tò tó bá gbéra l'Éjìgbò yóò gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Benin, yóò la Togo àti Gánà kọjá kó tó dé Noé tí Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀. Bodè mẹ́rin nìyẹn. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 ní kí ọmọ ìlú wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà; kò ní kí wọ́n má tú ẹrù rẹ̀ wò. Sisí sì ti fi téèpù wé páálí bí ìgbà tí wọ́n wé òkú ọlọ́lá. Kọ́sítọ́ọ̀mù kò ráyè wá ìdí téèpù. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò, ọ̀bẹ kì í sì í mọ ibi tí páálí parí sí tí àdìrẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Ooru tó bá ti tó 35 sí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó yọ́ òrí, bùùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ike tí ìdérí rẹ̀ kàn jókòó lórí rẹ̀ ni Sisí kó òrí sí, torí ike náà dára nínú fọ́tò. Ọṣẹ dúdú ní tirẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó fi bébà lásán wé e, tí kò fi náílọ́ọ̀nù dì í pinpin, ẹ̀kọ ló fi ránṣẹ́. Ó wá kọ "FRAGILE" gàdàgbà sára páálí. Ọmọọkọ̀ rí i. Ó gbé àpò gààrí lé e.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé nǹkan lé e o!"

Dírẹ́bà ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹsẹ̀ mi níbí ló máa wà."

Ẹsẹ̀ wo? Èyí tó fi ń tẹ búrékì?

Ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó. Obìnrin yìí ti kó ọjà lọ Treichville l'Ábíjáàn nígbà tí kò sí WhatsApp. Ike onídèérí lílọ́ ló ń kó òrí sí, kò ní jẹ́ kó kún dẹ́nu, yóò fi náílọ́ọ̀nù bò ó kó tó dé e. Àdìrẹ, yóò ká a róbótó sínú náílọ́ọ̀nù, yóò tì í sísàlẹ̀ pátápátá. Àkísà ni yóò fi dí gbogbo àlàfo, yóò wá gbé páálí sétí, yóò mì ín. Bó bá ró gbọn-gbọn, yóò tú u palẹ̀. Okùn ló fi ń dì í, ìdì tí kọ́sítọ́ọ̀mù lè tú kí wọ́n sì tún un dì. Àwọn alóbì ló kọ́ àwọn irú ìyá yìí, àwọn tó ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kí obì tó ń lọ òkè Ọya má baà gbẹ lọ́nà.

"Màámi, ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Ojú ló ń rajà báyìí."

"Ṣé ojú náà ni wọ́n máa fi wẹ̀?"

Oníbàárà kan ní Adjamé, l'Ábíjáàn, ti fi fọ́tò ránṣẹ́ padà: òrí ti lẹ káàdì ìdúpẹ́ mọ́ àdìrẹ, ọṣẹ ti wọ inú ẹ̀. Owó sefa rẹ̀ ló ń bèèrè. Sisí dá a lóhùn pé, "Ma chérie, pẹ̀lẹ́ o. Ríbọ́ọ̀nù yẹn ò ṣáà já?"

Kò kúkú ráyè ẹjọ́. Fídíò ríbọ́ọ̀nù ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ti ṣí kíláàsì: bí a ṣe ń di ọjà ránṣẹ́ sókè òkun. Náírà 5,000 ni, ará Àbíjáàn lè san án ní sefa. Ẹni tó bá fẹ́ sátífíkéètì, owó ìyẹn lọ́tọ̀. Inú férémù onígíláàsì ni yóò wà, wọn yóò sì fi mọ́tò gbé e ránṣẹ́ sí i.