Ẹ̀gbọ́n Tunga àti Ẹrù Àtijọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gbọ́n wa kan ní Tunga, nílùú Minna, ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Wọn ò ní gbọ́, rédíò ni wọ́n tẹ́tí sí: Grundig gàgàrà kan tí bátìrì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ju ẹran lọ. BBC Hausa ni wọ́n ń gbọ́. Láti 1976 tí Minna ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ni ẹ̀gbọ́n ti wà níbí, Hausa wọn ò sì tíì kọjá “sannu” àti “nawa ne”. Síbẹ̀, bí ìròyìn bá parí, wọ́n á mirí: “Nǹkan le o!” Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n sọ gan-an? “Ìwọ ò gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe rí ni?”

Peugeot 504 wọn ńkọ́? Kaduna, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní 1975, ni wọ́n bí i sí. Láti May 2023 tí owó bẹntiróòlù ti fò sókè, kò kúrò lójú kan mọ́. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n á wọ inú ẹ̀, wọ́n á di sítíárìn mú, wọ́n á máa juwọ́ sáwọn aládùúgbò bí ẹni ń lọ Èkó. Ìyàwó wọn, ẹni tí orí ẹ̀ pé nínú ilé, ń sá ata sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má bú àmù omi wọn o. Wọ́n á ní Ladi Kwali tó ń mọ ìkòkò, àwòrán ẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà. Ta ló rí fíríìjì lórí owó rí? Pé ogún náírà ọ̀hún ò ra omi inú ọ̀rá mọ́, ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ayé tí iye ọjà àárọ̀ ò bá tálẹ́ mu yìí, àmù ò tíì fowó kún omi tútù.

Alẹ́ tí Iléyá ku ọ̀la lojú tì wá. Ìpínlẹ̀ tí Kàǹjì ti ń pèsè iná láti 1968, tí Ṣíróró dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1990, tí wọ́n kọ “Power State” sí nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ niná ti lọ. A gbé agbádá rírún kọ́ apá, ó di ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn, àkùkọ onírin jókòó lé ìdérí ẹ̀. Wọ́n wò mí, èmi tí mò ń pe ilé wọn ní mùsíọ́mù.

“Kọ́kọ́ kí àkùkọ.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àkùkọ ti gbọ́, ó ku owó èédú.