Kábíyèsí Ìwé Ìran, Ọmọ Láminéètì

Kábíyèsí o! Ìwé ìran, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. N kò ní dìde nínú eruku Agége yìí títí n ó fi kì ọ́ tán.

Abílánàá-dàgbà-j'Odùduwà.
Bébà kan ṣoṣo tó gba odidi ààfin mọ́ra.
Ọ̀rá níwájú, ọ̀rá lẹ́yìn, òjò Èkó ò rí ọ gbé ṣe.
Asọ-wẹ́dà-dọmọba kí ilẹ̀ tó ṣú.
Wọ́n béèrè bàbá lọ́wọ́ rẹ, o ka méje;
Wọ́n béèrè ìyá lọ́wọ́ rẹ, o ń wo àjà.
Ọmọ ẹ̀rọ gbígbóná, ọmọ tàdáwà dúdú, má bínú sí mi, ẹnu mi ò tó ọ kì.

Àwọn aláìmọ̀kan ló ń pè ọ́ ní bébà. Èmi mọ ibi tí wọ́n bí ọ sí. Ìsọ̀ kótópó kan ni, nítòsí Pen Cinema l'Ágége; ẹni tó ń tún fóònù ṣe wà lápá ọ̀tún, ìyá oníbúrẹ́dì wà lápá òsì. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, àti ẹ̀rọ láminéètì tó máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni onírárà rẹ, kò sinmi ìgbà kankan àfi bí epo bá tán. Oníbàárà tó wá bí ọ wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, orúkọ ilé-iṣẹ́ ti ṣá lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ìwé kan tó ti rún yọ lápò, orúkọ méje àti "Ọba" kan ló fi bírò kọ sí i. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé tò wọ́n sínú àpótí mẹ́jọ, ó fi ọfà so ọ̀kan mọ́ èkejì.

"Àǹtí, ẹ bá mi fi adé sókè ibẹ̀."

"Adé wo, sà?"

"Adé ọba ni o. Ṣé adé míì tún wà ni?"

Ọmọbìnrin náà wá adé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, adé sì yọ lóòótọ́. Wúrà ni, ó ní àgbélébùú lórí, ó ní fìlà àlùkò nínú: adé tí wọ́n máa ń gbé lé orí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Westminster. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó bo ojú, kò sí ẹyẹ kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó fínnífínní, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tóbi sí i díẹ̀." Bí adé ìlú òyìnbó ṣe bo orí ìdílé Àwórì nìyẹn. Ẹ̀rọ láminéètì gbé ọ mì, ó pọ̀ ọ́ jáde, ó kù fẹ́ẹ́ kí o jó ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Ìwúyè parí.

Ẹ wá wo bí olúwa mi ṣe to àwọn baba ńlá. Lámúrúdu ní Mẹ́kà ló jókòó sókè pátápátá. Odùduwà tẹ̀lé e ní Ifẹ̀. Ògúnfúnminíre, Ọlọ́fin Ìṣẹrí, tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpótí kan tí wọ́n kọ "Ọba" sí, tí kò sí orúkọ nínú rẹ̀. Láti inú àpótí yẹn la bọ́ lójijì sọ́dọ̀ bàbá tó bí bàbá bàbá oníbàárà, ẹni tó bá òyìnbó la ojú rélùwéè. Rélùwéè yẹn ní ọjọ́ orí tiẹ̀ o: Ìddó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1896, ó dé Abẹ́òkúta ní 1898, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ká ní a fi Odùduwà sí ẹgbẹ̀rin ọdún péré ṣáájú rélùwéè, á jẹ́ pé Odùduwà, Ògúnfúnminíre àti Ọba-Inú-Àpótí, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lo igba ọdún ó lé ní ọgọ́ta kó tó bímọ. Ìwé ìran, ìwọ nìkan lo lè jẹ́ kí ẹni igba ọdún ó lé wà ní àpọ́n tí ẹbí ò sì pariwo.

Àlùfáà Samuel Johnson kò tó ọ o. Ọmọ tí wọ́n bí ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni, ó lè ka baba rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Síbẹ̀, nígbà tó jókòó kọ ìtàn Yorùbá, ó kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní London, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ kó tó jáde ní 1921. Ìtàn Mẹ́kà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Johnson fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò gbà pé Mẹ́kà la ti wá. Ìwọ gba Mẹ́kà, o fi iyèméjì Johnson sílẹ̀. Ojú ewé kan tó ọ. Ọlọ́gbọ́n kì í pọ̀rọ̀.

O sì ní oríire pé ìwọ àti ọdún 1903 kò pàdé. Lọ́dún yẹn, Akárìgbò ti Rẹ́mọ fẹjọ́ Elépe, ọba mìíràn ní Rẹ́mọ, sùn ní Èkó pé ó ń dé adé tí kò tọ́ sí i. Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní, Ọọ̀ni sì wá láti Ilé-Ifẹ̀ dé Èkó. Wọ́n bi í, ó sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: Elépe kò ní ẹ̀tọ́ sí adé. Ẹ rò ó wò, Elépe jẹ́ ọba tó láàfin, tó nílùú, tó lérò lẹ́yìn. Ká ní ìwọ ni wọ́n gbé síwájú Ọọ̀ni lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àgbélébùú Westminster lórí rẹ! Ọ̀rá rẹ ì bá yọ́ láìsí iná.

Akọni níwájú ẹbí,
Aṣe-gàǹràngàǹràn ní ibi ìsọmọlórúkọ,
A-gbọ́-lọ́yà-sá.
Bí bàbá ńlá bá ṣọ̀wọ́n, o fi àpótí òfìfo dípò;
Bí orúkọ ò bá ní Adé, àfidéfíìtì kan ṣoṣo á fi Adé sí i.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn gan-an ló dùn jù nínú oríkì rẹ, ẹ jẹ́ n dúró lórí ẹ̀. Nítorí adé kọ́ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ọ́, nítorí ilẹ̀ ni. Ní 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ la ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní Warri, tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ló ṣáájú. O gbọ́ ọ, o bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Dúró ná. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn jẹrìí ní láti sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti orúkọ gbogbo ẹni tí ilẹ̀ náà gba ọwọ́ wọn kọjá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí tó fi kàn án. Bí ẹnì kan bá sọnù láàárín, okùn já nìyẹn. Àpótí "Ọba" rẹ tí kò lórúkọ, ibẹ̀ gan-an ni lọ́yà ẹgbẹ́ kejì máa fi ìka sí.

Bí ìwé ìran méjì bá tún kọlu ara wọn ńkọ́, tí ìkíní ní Lámúrúdu, tí ìkejì ní Lámúrúdu? Ilé-ẹjọ́ ti ní ìdáhùn láti 1957, nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó ti Gold Coast dé London: kí wọ́n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí wọn ìtàn méjèèjì. Ta ló ń dáko níbẹ̀? Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Ta ni wọ́n sin sí ẹ̀yìnkùlé? Adájọ́ kò bìkítà nípa bí ọ̀rá rẹ ṣe ń dán. Lọ́dún 1957 kan náà ni Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin oyè tó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìdílé tó ń jọba sínú ìwé ìjọba: ìdílé mélòó ni, ta ló kàn, àwọn wo ni afọbajẹ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 1981. Ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ kò sí nínú ìwé yẹn, kó máa fi ọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n ta ni máa bá ọ wí? Àdúgbò tí wọ́n bí ọ sí ti kún fún ọba jù. Oko Ọba wà l'Ágége níbẹ̀, màlúù ni wọ́n ń pa níbẹ̀ ní àràárọ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó fi ìwé ìran hàn kí wọ́n dá a sí. Bí a bá wọ Ìkẹjà, ọ̀nà kan tí a mọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ń jẹ́ Ọba Akran. Ọba Àgbádárìgì ni Akran. Claudius Dosa Akran tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà náà jẹ́ mínísítà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìjọba ẹkùn yẹn ló la ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, tí Guinness fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, tí Dunlop ń ṣe taya lójú ọ̀nà Ọba Akran títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2008. Ẹ̀gbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin àti obìnrin ló gba ẹnu géètì wọ̀nyẹn wọlé lójoojúmọ́, owó oṣù yẹn ló ra púlọ́ọ̀tì, òun ló kọ́ ilé alájà kan sí Ifákọ̀ àti Ìjù, òun ló san owó ilé-ìwé ọmọ tó wá mọ̀wé débi tó fi lè pe àǹtí tó ń tẹ̀wé. Mo wá gbogbo ara rẹ, ìwé ìran, n kò rí taya kan. Bàbá tó dúró nídìí ẹ̀rọ rọ́bà láti òwúrọ̀ dalẹ́, "Ọmọba" nìkan lo kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé orí ìtẹ́ ló jókòó sí.

Èyí tó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé o kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí, o kò purọ́ rárá. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní òbí méjì, òbí àgbà mẹ́rin, mẹ́jọ lókè wọn. Bí a bá gun ìran mẹ́wàá, wọ́n di 1,024. Ní ìran ogún, wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Ènìyàn inú ilẹ̀ Yorùbá kò tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láti ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà àwọn kan náà la jọ ń pín. Ọba ayé àtijọ́ sì láya bí ilẹ̀ bí ẹní, ó bímọ kún ìlú. Tí ẹ bá dúró sí Ìyànà Ìpájà ní aago méje àárọ̀, tí ẹ ké "Ọmọba!", ó yẹ kí gbogbo ẹni tó wà nínú dánfó dáhùn, kọndọ́ náà á dáhùn. Àwọn èèyàn wa ní London àti Houston tó ń tutọ́ sínú ìgò kékeré kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ilẹ̀ tí baba wọn ti wá ni èsì máa ń sọ fún wọn. Kò sí àyẹ̀wò tó mọ ẹ̀jẹ̀ ọba yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ aláró.

Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Àràárọ̀ ni ìyàwó ilé máa ń kí ọmọ ọkọ rẹ̀ ní ọmọ ọba, ọmọ erin, ọmọ ẹkùn, bí ọmọ náà ì báà jẹ́ ti agbẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kò gba owó ìtẹ̀wé, wọn kò sì fi gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin yẹn ni ìtàn ìdílé wà lẹ́nu wọn, wọ́n mọ ẹni tó ti Ẹ̀gbá wá gba oko kòkó l'Ágége, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà, wọ́n mọ ìyá olóbì tó fi èrè orí obì ra ilẹ̀ tí ọmọkùnrin rẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Àpótí mẹ́jọ lo ní, Kábíyèsí, kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin ló ń bí ọkùnrin láti Mẹ́kà dé Agége. Iṣẹ́ ìyanu rẹ pọ̀ o.

Ẹ̀yin tí ẹ fi irú ìwé yìí kọ́ sára ògiri, kí ẹ tó lọ tẹ òmíràn, ẹ mú bírò, ẹ lọ bá ìyá àgbà tó bá ṣì wà láàyè nínú ẹbí yín. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ìyá tó bí bàbá bàbá yín, ọjà wo ni wọ́n ń ná, owó ta ni wọ́n fi ra ilẹ̀ tí ẹ ń gbé. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má sì sáré láminéètì rẹ̀ o, ẹ ó ṣì rí nǹkan fi kún un.