Bàbá Fọ́tò Méjì

Ẹ̀yin ará Toronto, bí ẹ bá rí bàbá arúgbó kan tó gbé awò onígi bojú, tó ń ti káàdì síwá sẹ́yìn, tó ń dá rẹ́rìn-ín, ẹ má pe ọlọ́pàá. Kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá Fọ́tò Méjì ni. Fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n lẹ̀ ní méjì-méjì mọ́ káàdì kan ló ń wò.

Ìbejì ni fọ́tò méjì náà. Táíwò ń bá ojú òsì sọ̀rọ̀, Kẹ́hìndé ń bá ojú ọ̀tún, ọpọlọ bàbá ló ń parí ìjà wọn. Ni igi bá yọ síwájú, ni àpáta bá sún sẹ́yìn. Wheatstone ló ti tú àṣírí náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1838. Nígbà tó di 1861, Holmes, dókítà ará Boston, ṣe awò tó ṣeé fọwọ́ kan mú, kò sì gbàwé ẹ̀tọ́ lé e lórí. Ẹ gbọ́ o, dókítà tí kò gbowó! Ká ní àwa la ṣe é ni, à bá ti yan alága, à bá ti pín aṣọ ẹbí, ẹni tí kò bá rà á kò sì ní fojú kan fọ́tò.

Láti 1974 ni Photographic Historical Society of Canada ti wà ní Toronto yìí. Ẹ lọ wo àwọn àgbààgbà níbi ọjà kámẹ́rà wọn: ìka wọn ń sáré nínú páálí bàtà bí ìka alájọ tó ń wá orúkọ onígbèsè. Kí ni wọ́n ń wá? Niagara ni! Niagara ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Niagara oníyìnyín. Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú bàbá di àga mú gírígírí ni Blondin, tó fẹsẹ̀ rìn lórí okùn kọjá àfonífojì Niagara ní 1859. William England wá láti Lọ́ńdọ̀nù wá yà á lọ́dún náà. Blondin tún pọn Colcord, mánijà rẹ̀, sẹ́yìn kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Brampton, ṣé mánijà tó gun òṣìṣẹ́ lẹ́yìn jọ yín lójú?

Ìyàwó ní kó wá jẹun. Ó ní òun ṣì wà ní Niagara. Awo ni bàbá ń ṣe, awò ló gbé sójú, àwo iyán ti tutù.

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín? Ẹ gbé màmá tó ti Ìbàdàn wá wo ọmọ lọ sí Niagara, ẹ ya igba fọ́tò. Gèlè màmá ló wà níbẹ̀. A ò rí omi kankan.

Fọ́tò méjì ò sì ṣàjèjì sí wa. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún láyé ọjọ́un, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, fọ́tògiráfà á tẹ fọ́tò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á jókòó ti ara rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìyẹn sínú awò bàbá, pẹlẹbẹ ni yóò máa wò yín. Ìbejì tòótọ́ ò jọra tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ìyá wọn.

Bàbá ti ṣèlérí pé òun máa ta díẹ̀ nínú ẹrù òun. Ó ta mẹ́ta, ó ra mẹ́rìnlá. Bésímẹ́ǹtì tí ìyàwó fẹ́ fi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́, Niagara ló kó síbẹ̀, kò sì san owó ilé rí.