Ẹ̀yin Jagunjagun Orí Àga, Ìgbà Wo Lẹ Máa Jagun?

Ẹ̀yin jagunjagun orí àga, mo kí yín o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú owó epo jẹnẹrétọ̀, ẹ kú idà pípọ́n láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí. Mo gbọ́ pé ayé kan ń parun níbì kan, pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà á là. Mo tún gbọ́ pé ẹ ti ní kí ayé náà ṣe sùúrù ná, ẹ fẹ́ lọ já òdòdó.

Eré fídíò Skyrim ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2011, torí ibẹ̀ ni àṣírí yín ti tú jù. Dírágónì dúdú kan tó ń jẹ́ Alduin ti padà wá jẹ ayé run. Ìwọ ni Dragonborn, ẹni tí ẹ̀mí dírágónì ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé orí rẹ lé ìtì igi pé kí wọ́n bẹ́ ẹ, àfi bí dírágónì yẹn ṣe já wọ ìlú lójijì tí o fi ráyè sá. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ó yẹ kí inú máa bí i títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kéré tán. Àmọ́ o sá dé Riverwood, abúlé kékeré, o bá Alvor alágbẹ̀dẹ níbẹ̀. Ó fún ọ ní irin díẹ̀ àti awọ díẹ̀ pé kí o fi kọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ogun parí síbẹ̀. Dragonborn ti di ọmọ-iṣẹ́.

Irin kan àti okùn awọ kan ń di ọ̀bẹ kan. Nígbà tí eré náà ṣì tuntun, ọ̀bẹ irin lásán àti ohun olówó iyebíye jọ ń fún yín ní ìmọ̀ iṣẹ́ kan náà ni, ta ni yóò wá dá ara rẹ̀ láàmú? Ẹ rọ ọ̀bẹ. Ẹ tún rọ ọ̀bẹ. Ẹ rọ ọ́ títí owó fi tán lọ́wọ́ oníṣòwò tí ẹ ń tà á fún, ẹ wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ kí owó mìíràn tó wọlé fún un. Kò sẹ́ni tó bi yín léèrè ohun tí abúlé tí kò kún ọwọ́ fẹ́ fi ọ̀bẹ rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ ṣe. Adìyẹ kan ṣoṣo tó ń rìn kiri níbẹ̀ yóò ti máa kọ ìwé ìhágún.

Ó sú Bethesda. Ní 2012, wọ́n yí òfin padà: iye tí ohun tí o rọ bá tó ni yóò sọ iye ìmọ̀ tí wàá rí. Wọ́n rò pé ẹ ó wá gbójú sókè wo dírágónì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ìwé idán kan tó ń sọ irin tútù di fàdákà, tó ń sọ fàdákà di wúrà, ẹ sì di alágbẹ̀dẹ wúrà. Ayé ń parun, ẹ ń rọ òrùka. Ta ló fẹ́ ṣègbéyàwó?

Ti ìhámọ́ra ló tún pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìṣirò eré yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: bí o bá wọ ẹ̀wù irin, ìbọ̀wọ́, bàtà àti àṣíborí, tí òǹkà rẹ̀ pé 567, ó ti gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìyà tó ń bọ̀ sára rẹ. Ohun tí o bá fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, ẹwà ni, kò gbà ọ́ lọ́wọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ mọ̀. Ẹ mọ òǹkà yẹn ju ọjọ́ ìbí ìyá yín lọ. Síbẹ̀ mo rí ẹni tí tiẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún, tó tún ń wá irin kiri inú ihò. Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?

Ẹ jẹ́ ká yà sílé oògùn. Ní Skyrim, bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ewé tàbí egbò kan ń ṣe, jíjẹ ni wàá jẹ ẹ́. O mú labalábá, o já ìyẹ́ rẹ̀, o jẹ ẹ́. O rí ọkàn èèyàn nínú àwo, o wo ọ̀tún wo òsì, o jẹ ẹ́. O pa òmìrán, o gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ìka tí kò tíì fojú kan ọṣẹ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, o sọ ọ́ sẹ́nu láìfi iyọ̀ sí i. Èyí tó ṣẹ́ kù, o pò ó mọ́ àlìkámà, o rọ ọ́ sígò, o gbé e lọ fún oníṣòwò, ó sì san owó gọbọi. Òun náà kò bi ọ́ léèrè. Orílẹ̀-èdè tí kò ní àjọ NAFDAC ni.

Bí ìjà bá wá dé lóòótọ́, tí òmìrán gbé kùmọ̀ sókè láti fi ọ́ ránṣẹ́ sójú ọ̀run, o ṣí àpò rẹ. Bí àpò bá ti ṣí, ohun gbogbo á dúró, kùmọ̀ á so rọ̀ lókè. O wá fara balẹ̀, o jẹ wàràkàṣì róbótó mẹ́wàá, o jẹ búrẹ́dì, o mu ọbẹ̀, o jẹ ápù méje, o pa àpò dé, ara rẹ sì ti yá. Gbogbo oògùn tó o ti ń pò láti oṣù tó kọjá ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀ digbí, o ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọn tó gbọ́n jù nínú yín kò tilẹ̀ débi òmìrán. Wọ́n wọ òrùka tó ń mú oògùn lágbára, wọ́n po oògùn tó ń mú ọfọ̀ lágbára, wọ́n mu ún, wọ́n wá fi ọfọ̀ yẹn ṣe òrùka tó lágbára ju ti àkọ́kọ́. Níkẹyìn wọ́n rí ihò kan tí ẹnì kankan ní Bethesda kò rò: oògùn kan tó yẹ kó kàn ran idán ìwòsàn lọ́wọ́ ń ru agbára òrùka sókè pẹ̀lú, bí o bá lè bọ́ ọ kí o tún wọ̀ ọ́. Mu ún, bọ́ ọ, wọ̀ ọ́, pò ó. Mu ún, bọ́ ọ, wọ̀ ọ́, pò ó. Òǹkà ń gòkè lọ, ó kọjá ẹgbẹ̀rún, ó kọjá mílíọ̀nù, títí tó fi kọjá ohun tí eré lè kà, tó sì ré wálẹ̀ sí abẹ́ òdo, tàbí kí eré fúnra rẹ̀ dákú pátápátá. Ẹ kú oríire. Ohun tí Alduin fẹ́ fi iná àti eyín ṣe, ẹ fi òrùka ṣe é.

Mo fẹ́ bá Lydia kẹ́dùn lẹ́nu kan. Obìnrin jagunjagun tí olórí ìlú Whiterun fi ta ọ́ lọ́rẹ pé kó máa dáàbò bò ọ́, o sọ ọ́ di alábàárù. Àpò tìrẹ gba 300 níbẹ̀rẹ̀, egungun dírágónì kan ṣoṣo sì wọ̀n 15, ìwọ tó o ru ju ogún egungun lọ kò lè sáré mọ́, ni o bá kó o fún Lydia. Ohùn tí ọmọbìnrin yẹn fi ń dá ọ lóhùn, bí o bá ní etí, wàá ti mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ìfẹ́.

Ẹṣin náà kò bọ́ lọ́wọ́ yín. Ní 2006, fún Oblivion tó ṣáájú Skyrim, Bethesda ta ìhámọ́ra ẹṣin ní nǹkan bíi dọ́là 2.50, owó gidi. Ayé bú wọn, ẹ sì wà lára àwọn tó ń bú wọn, ẹ gun ẹṣin tó wọ wúrà wá síbi ìbúni náà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2009, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ, ilé iṣẹ́ náà gé owó àwọn àfikún eré yẹn sí ìdajì, wọ́n wá sọ ti ìhámọ́ra ẹṣin nìkan di ìlọ́po méjì. Wọ́n mọ̀ yín dénú.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Skyrim dẹ̀, torí pé òòlù ibẹ̀ kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹ wá gbọ́ ti Ragnarok Online, tó jáde láti Kòríà Gúúsù ní 2002. Alágbẹ̀dẹ kan wà ní ìlú Prontera tó ń jẹ́ Hollgrehenn. Bí o bá gbé ìhámọ́ra fún un, á lù ú dé ìpele +4 láìséwu. Láti +5 lọ, orí ló kù. Bó bá yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í padà sí +4, ó ti fọ́ tán nìyẹn, tòun ti owó iṣẹ́ àti irin tó o gbé wá. Hollgrehenn á wá tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú yín lọ o! +4 ń ṣiṣẹ́, ara yín dá ṣáṣá. Àmọ́ ẹ rí aládùúgbò tó ní +7, ojú yín kò gbà á, ẹ gbé ẹ̀wù kan ṣoṣo tí ẹ ní lọ bá ọkùnrin yẹn, ẹ padà sílé ní ìhòòhò, ẹ sì ń gbé e ṣépè. Ọkùnrin yẹn kò mọ̀ yín rí.

Geralt inú The Witcher 3, tí àwọn ará Pólàǹdì ní CD Projekt Red gbé jáde ní 2015, ló fún mi nírètí díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń po oògùn. Nígbà tí ìgò bá gbẹ, ó kàn jókòó, ó dijú, ó ṣàṣàrò, ìgò ọtí líle kan ṣoṣo tó wà lápò rẹ̀ á sì kún gbogbo ìgò oògùn padà. Ẹ pariwo pé idán ni. Ìyá ọlọ́paraga ìdíkọ̀ ti ń ṣe é tipẹ́: egbò nísàlẹ̀, ọtí lókè, bó bá ti dín, bu sí i. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Geralt ní òṣùwọ̀n májèlé tó ń hàn lójú ẹ̀rọ nígbà tó bá ti mu ún jù. Àwọn oníbàárà ìyá kò ní. Níbẹ̀ náà, ní Crow's Perch, ni Fergus wà, ọkùnrin kúkúrú tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá alágbẹ̀dẹ. Yoana, obìnrin tí wọ́n ń pè ní ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, ló ń rọ ìhámọ́ra tó dáa yẹn lábẹ́lẹ̀. Ẹ mọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò mí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fèsì. Ẹ ó ní ìmúrasílẹ̀ ni ogun, pé ẹni tó bá lọ láìgbáradì á kú. Ó dára. Kí ló wá dé tí ẹ kì í lo ohun tí ẹ fi gbáradì? Ẹ wo elixir inú Final Fantasy, ìgò kan tó ń dá ẹ̀mí àti idán padà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ẹ ní ó wọ́n, ẹ fi pamọ́ de ọ̀tá ńlá. Ọ̀tá ńlá dé, ẹ ní bóyá èyí tó jù ú lọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó pa yín, ẹ padà wá, ó tún pa yín, elixir ń wò yín láti inú àpò. Nígbà tí ẹ bori níkẹyìn, orúkọ àwọn tó ṣe eré ń gòkè lójú ẹ̀rọ, kò sì sí ìgò kan tó dín. Ẹ jẹ́ kí n kì yín: A-ní-odò-lápò-kú-sóùngbẹ. A-pọ́n-idà-títí-ogun-fi-tú. Ọmọ a-ru-egungun-dírágónì-má-lè-sáré. Ọkọ Lydia tí Lydia kò fẹ́.

Ẹ sọ òótọ́ kẹ́ ẹ gba ara yín sílẹ̀: ogun kọ́ lẹ fẹ́ràn. Gbàù òòlù yẹn lẹ fẹ́ràn, àti bí òǹkà ṣe ń ti 45 bọ́ sí 48. Ọjà ni ẹ̀yin wá ná. Alduin kàn jẹ́ onílé tó ń yá yín ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó ṣe Elden Ring ní 2022 mọ èyí, ni wọ́n ṣe fi ìyà rẹ̀ jẹ yín. Kí idà kan tó dé +25 lọ́wọ́ Hewg, arúgbó alágbẹ̀dẹ tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ ìdí iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kó òkúta 97. Òkúta ìpele mẹ́jọ, méjìlá méjìlá, àti ọ̀kan àgbà tó jẹ́ ti dírágónì àtijọ́ fún ìlù ìgbẹ̀yìn. Ẹ kó o. Ẹ fi ihò kún ihò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pé. Nígbà tó ku òkúta ìgbẹ̀yìn, ẹ ní ẹ ò ní lò ó, bóyá idà tó dáa ju èyí ń bọ̀ níwájú.

Ẹ wá gbé asà lọ́wọ́, ẹ wọ irin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ lọ bá Malenia, obìnrin kan tó jẹ́ pé bó ṣe ń gé yín ni ara tirẹ̀ ń yá sí i. Ó ṣá yín bí ilá. Ẹ bá kígbe pé kí ẹnì kan wá gbà yín. Ẹni tó dé, jagunjagun orí àga bíi tiyín ni, orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni Let Me Solo Her. Kò wọ ẹ̀wù. Kò wọ ṣòkòtò. Ìbàǹtẹ́ ló so mọ́dìí, ó dé ìkòkò sórí, ó mú idà méjì dání. Ó ní kẹ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn ní ìgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Òótọ́ ni pé òun náà pọ́n idà rẹ̀ méjèèjì dáadáa, àmọ́ ó pọ́n wọn tán, ó sì gbé wọn jáde nílé.

Lọ́dún yẹn kan náà, Bandai Namco tó ń ta eré náà fi idà gidi ránṣẹ́ sí i, irin tòótọ́ tí èèyàn lè gbá mú lọ́wọ́. Mo sì mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín báyìí: ṣé wọ́n ti lù ú dé +10?