Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Ra Òkìríkà ní Ẹ̀rúnmu

Ẹni tó bá gbọ́n kò nílò ìwé yìí. Kó pa á dé, kó máa bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Ìwọ òmùgọ̀ ni mo ń bá wí, ìwọ tó ń gbé ní Ẹ̀rúnmu, tàbí Ẹgbẹ́dá, tàbí Lálúpọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn, tó ti pinnu pé ọdún yìí ni wàá fi owó táṣẹ́rẹ́ wọ aṣọ àwọn ọlọ́lá. Ìpinnu rere ni. Jókòó, kí n kọ́ ọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o má tètè jí. Kùtùkùtù ni àwọn tó ń ta òkìríkà, ìyẹn aṣọ àlòkù, máa ń gé okùn bélì tí wọ́n dì í sí, kí oòrùn tó mú. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gé e, àwọn tó mọ̀ ọ́n rà á ti yí i ká: télọ̀ tó ń wá kóòtù ńlá tó máa tú fi rán ti ọmọdé, tíṣà tó ń wá ṣẹ́ẹ̀tì ibiṣẹ́, ìyá tó fẹ́ kó tirẹ̀ lọ tà fún àwọn ará abúlé tó wà níwájú. Àwọn yẹn ló ń ṣe fáàsì sẹlẹ́ṣọ̀n. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọjà wà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ṣà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn àwọn yẹn, òkìtì tó kù sílẹ̀ di ti gbogbo ayé, iye kan náà fún èyí tó wù ọ́ mú, bẹ̀rẹ̀ kí o ṣà.

Ìwọ ní tìrẹ, sùn. Tí o bá jí, jẹ àmàlà. Tí oòrùn bá ti dé àtàrí, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ léèsì tó o fi ṣe ìgbéyàwó àbúrò rẹ, so aago mọ́wọ́, kí o sì di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú dáadáa bí o kò tilẹ̀ ní mọ́tò. Ìyá tó ń tajà gbọ́dọ̀ mọ irú èèyàn tó ń bọ̀, kó lè tètè wá iye tó tọ́ sí ọ.

Tí o bá dé ìdí àtẹ, má kí i pé "Ẹ kú ọjà o, mọ́mì, ajé á wọgbá." Ìkíni bẹ́ẹ̀ máa ń rọ ọkàn ọlọ́jà. Ohun tí wàá sọ ni pé, "Ìlú Èkó ni mo ti ń bọ̀, ojúlówó nìkan ni mo ń wọ̀." Lẹ́yìn náà, gbá aṣọ tó wù ọ́ mọ́ àyà, rẹ́rìn-ín, kí o tó wá béèrè iye tó jẹ́.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré ni, alàgbà. Yúù-Kéè ni. Torí pé ẹ̀yin ni."

Àwọn tó gbọ́n máa ń sọ níbí pé, "Ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀." Ìyá á pòṣé, á ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnu wọn ba ọjà òun jẹ́. Wọ́n á gbé aṣọ sílẹ̀, wọ́n á máa lọ, láìyára rìn. Wọn ò ní tíì dé ìdí aláta tí wọ́n á fi gbọ́ ọ lẹ́yìn pé, "Ẹ wá, ẹ mú owó wá, ẹ kàn ń ná mi bíi ọ̀tá ni." Ṣíṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọ́. Ẹni tó wọ léèsì kì í ná ọjà. San án, kí o sì fi igba náírà lé e fún ọmọ tó bá ọ dì í.

Má yẹ aṣọ náà wò. Má gbé abẹ́ abíyá rẹ̀ sókè, má wo ọrùn ẹ̀wù bóyá ó ti pọ́n, má fa síìpù, má nà án sí oòrùn láti wo ihò tí kòkòrò jẹ. Wàá rí àwọn kan tó ń fi ìbàdí ṣòkòtò yí ọrùn wọn po: tí igun méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, wọ́n gbà pé yóò bá ìdí wọn mu, torí kò sí yàrá ìwọṣọ lábẹ́ agboòrùn. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́, ó sì ń jẹ́ dáadáa, ìdí nìyí tí kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tìrẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ni kí o gbà gbọ́. Tí wọ́n bá kọ 32, 32 ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n rán an fún.

Ọ̀rọ̀ àpò tún wà ńlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o ti dojú kọ iṣẹ́. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ti sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ra kóòtù òkìríkà, tó tọwọ́ bọ àpò, tó bá owó pọ́n-ùn. Kò sí ẹni tó mọ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ẹnìkan ni ṣáá. Ìwọ gbà á gbọ́. Kóòtù ni kí o máa rà, kóòtù onírun tó nípọn, tó ní àpò mẹ́fà, ní oṣù kẹta tí ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o ń dúró de ọyẹ́. Má ronú pé ẹni tó ń ṣa aṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tọwọ́ bọ àpò yẹn, ẹni tó ń tò ó sínú bélì náà ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, aláròóbọ̀ ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìyá tó ń tajà fúnra rẹ̀ sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ibi tí aṣọ náà ti ń bọ̀, ìmọ̀ díẹ̀ máa ń pa òmùgọ̀ lára, nítorí náà màá fún ọ ní díẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí aṣọ bá sú máa ń gbé e lọ fún ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú lọ́fẹ̀ẹ́. Oxfam, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oxford lọ́dún 1942, wà lára àwọn tó mú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n á ta èyí tó bá ṣeé tà níbẹ̀ láti fi ṣe àánú. Èyí tó kù, tó sì pọ̀ gan-an, wọ́n á fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n fún oníṣòwò. Oníṣòwò á pín in sí ìsọ̀rí, ṣẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, jíǹsì lọ́tọ̀, á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dì í ní bélì tó sábà máa ń tó kílò márùndínlọ́gọ́ta. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e wá. Púpọ̀ nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa máa ń gba Kútọnu kọjá, níbi tí ọjà Missèbo ti jẹ́ ojúkò rẹ̀; láti ibẹ̀, ó ń wọ Èkó, ó ń wọ Ìbàdàn, ó wá ń gorí ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ohun tí wàá fi ìmọ̀ yìí ṣe rèé. Nawọ́ sí ìyá náà lójú gbogbo ọjà, kí o ní, "Ọ̀fẹ́ ni òyìnbó fi ta yín lọ́rẹ, kí lẹ wá ń gbowó sí?" Tí kò bá dáhùn, fi òfin kún un: sọ fún un pé aṣọ àlòkù wà nínú àwọn ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kó wọlé. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé wọn. Wo bóyá á torí ẹ̀ dín owó fún ọ. Má jẹ́ kó wá sí ọ lọ́kàn pé obìnrin yìí náà ti ta tẹ́tẹ́ kó tó dé ìwájú rẹ. Dídì ló ra bélì, kò rí inú rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, tó bá gé okùn, ìdajì á ti ya, tàbí kó jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì ló sanwó rẹ̀, súwẹ́tà ló bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tó dára ló ń bá a san owó èyí tó bàjẹ́. Òun náà ní gbèsè lọ́rùn, ó sì mọ ojú òmùgọ̀ láti òkèèrè.

Bó o bá fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé, sọ̀rọ̀ ìjọba. Sọ pé Rwanda ló gbọ́n, tó gbé owó orí òkìríkà lọ sókè lọ́dún 2016, láti ogún sẹ́ǹtì sí dọ́là méjì àtààbọ̀ lórí kílò kan, kí àwọn télọ̀ ilé lè rí iṣẹ́ ṣe, tí Amẹ́ríkà sì bínú lọ́dún 2018, tó yọ aṣọ Rwanda kúrò nínú àwọn ọjà tó ń wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsan owó orí. Sọ ọ́ pẹ̀lú ìtara, nínú ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà, kí o má rán aṣọ kankan lọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò rẹ láéláé.

Tí o bá délé, má fọ̀ ọ́. Àwọn tó gbọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná oníyọ̀, wọ́n á kán Dettol sí i, wọ́n á sá a sínú oòrùn gidi, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí òórùn bélì yẹn á fi kúrò lára rẹ̀. Ìwọ, wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kejì. Jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá dì mọ́ ọ mọ ọjà tó o ti wá. Tí ara bá ń yún ọ, tó ń dà bíi kúrúnà, sọ pé ẹ̀fọn ni. Ra pátá pẹ̀lú. Ìjọba Gánà ti fòfin de pátá àti áńkáṣífù àlòkù láti ọdún 1994, ṣùgbọ́n Gánà jìnnà sí Ẹ̀rúnmu.

Bí ọjà abúlé bá ti sú ọ, ó tó àkókò láti lọ ra ti Ìbàdàn, torí pé owó rẹ̀ dín sí ti ilé. Ọ̀kadà dé Ẹgbẹ́dá, mọ́tò dé Ìwó Róòdù, òmíràn wọ àárín ìlú. Ebi á pa ọ́, jẹun. Òǹgbẹ á gbẹ ọ́, mu mínírà. Padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí o sọ fún aládùúgbò pé o jèrè. Má jẹ́ kó béèrè owó ọkọ̀. Tí ìyàwó rẹ bá béèrè iye tó o ra ṣẹ́ẹ̀tì náà, dá a sí méjì, sọ apá kan. Á rò ó pé owó rẹ̀ kò wọ́n, á ní kí o bá òun ra mẹ́ta irú ẹ̀, owó yẹn náà á sì já lé ọ lọ́wọ́.

Aṣọ tí kò bá ọ mu, má dá a padà, ọlọ́jà kò ní gbà á. Má fún ẹnikẹ́ni. Gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí o máa wò ó. Ọjà mìíràn ń bọ̀. Mú owó dání.