Ọmọ Ìlọrà Tí Kò Mọ Ọ̀nà Oko

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kò sí ọ̀nà oko tí òun ò mọ̀ nílùú òun, ẹ bi í pé ìgbà wo ló fẹsẹ̀ rìn ín kẹ́yìn. Ẹ má bi èmi o. Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mò ń jẹ tí mò ń mu. Tí mo bá fẹ́ kí màmá mi, mọ́tò á já mi sẹ́nu ilé, mọ́tò á tún gbé mi padà. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ àwa tí a máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ń wá ibi tí a ó gùn dé lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, ẹnu mi ló kọ́kọ́ là. Mo ní ká gba títì láti Mọ́níyà dé Fìdítì, ká ya wọ àárín oko níbẹ̀, ká yọ sí Ìlọrà, kí màmá mi fi àmàlà pàdé wa. Èmi ni màá ṣíwájú.

Ọ̀gá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní, "Àlàó, ṣé kò yẹ kó o kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà náà wò?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bó ti wù kí òkùnkùn ṣú tó, ọwọ́ kì í ṣi ẹnu. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìmúra ló kàn. Lọ́dún 2024, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó borí nínú ìpele kan ní Tour de France, ìdíje gígun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1903. Ìpele mẹ́ta ló gbà lọ́dún náà, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Èmi náà lọ ra ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ara, tó ní àpò lẹ́yìn, àti ṣòkòtò pénpé tó fún mọ́ itan. Ohun tí mo gbàgbé ni pé Girmay kò ní ikùn.

Ọ̀gá tún kìlọ̀ pé ká lo táyà tó fẹ̀, ká sì dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù, nítorí pé táyà tó rọ̀ ló ń rí yanrìn dì mú, òun ló sì ń gba òkúta mọ́ra. Gbogbo wọn gbọ́. Èmi mú táyà tín-ín-rín tí mo fi ń sáré lórí títì, mo fún un títí ó fi le koránkorán. Mo tún yọ pọ́ǹpù àti ohun èlò tí a fi ń lẹ túùbù sílẹ̀ nílé, kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́.

A gbéra ní Mọ́níyà, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ ti ń dúró láti ọdún 2021. Ọ̀nà tó kù dé Ìlọrà kò tó kìlómítà 40. Tí a bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹni iwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ fún gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pààrọ̀, kí ẹni tó ti rẹ̀ lè bọ́ sẹ́yìn lọ sinmi. Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti òkè, òkè náà la sì dojú kọ. Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́yìn, mo kọ̀. Ṣé aṣíwájú máa ń bọ́ sẹ́yìn ni? Àwọn tó gbọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn mi, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Kí a tó dé Ìrókò, itan mi ti ń gbọ̀n.

Ní Fìdítì, a dúró jẹ ọsàn. Ìyá tó ń bó o fún wa wo aṣọ wa títí, ó ní, "Ta ló ń du ipò nínú yín?" Kí n tó dáhùn, ọmọ kékeré kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Màmá, bàbá yìí gbàgbé láti wọ ṣòkòtò." Kí ojú tó ń tì mí lè kúrò nílẹ̀, mo ra ọsàn rẹpẹtẹ fún màmá mi, mo kì í bọ gbogbo àpò ẹ̀yìn mi. Ẹni tó yọ pọ́ǹpù sílẹ̀ nítorí kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́ ló wá di alárù ọsàn.

Bí a ṣe ya wọnú oko báyìí ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Igi àràbà kan ni mo fi sàmì láti kékeré. Àràbà yẹn ti di pákó, bóyá orí rẹ̀ gan-an ni mò ń sùn n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo oríta tí a dé, mo nawọ́: "Ọ̀tún!" "Òsì!" N kò ṣiyèméjì rárá, ẹni tó mọ ọ̀nà ló máa ń dúró rò ó. Nígbà tó yá, Ọ̀gá ní, "Àlàó, òkìtì èédú yìí jọ èyí tí a kọjá lẹ́ẹ̀kan." Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo èédú ló jọra.

Kí wọ́n má baà ronú jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn. Mo sọ fún wọn nípa ìletò àgbẹ̀ tó wà ní Ìlọrà, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, lásìkò tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe: kí wọ́n fún ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé ní ilé àti ilẹ̀ tó lè dá oko sí, kó má baà sá lọ sí ìlú ńlá. Mo nawọ́ sí ọgbà kan, mo ní, "Ibẹ̀ nìyẹn!" Ohùn kan dáhùn láti inú ọgbà náà: "Adágún ẹja ni o." Ọ̀gá rọra bi mí pé, "Ìwọ tó o sá lọ sí ìlú ńlá ńkọ́?" N kò gbọ́.

Àgbàlagbà kan jókòó lábẹ́ igi, ó gbé kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ kan ti ìdí igi náà. Mo lè sọ̀ kalẹ̀. Mo lè kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n mo dín eré kù díẹ̀ ni, mo ju ọ̀rọ̀ sí i: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọ̀nà yìí lọ Ìlọrà?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ó lọ."

Lóòótọ́, ó lọ. Ó wọ inú odò kékeré kan lọ, ó gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá, ó wá dé abẹ́ àwọn igi ọsàn, ẹ̀gún ọsàn sì wọ táyà mi. Túùbù àwọn yòókù tóbi ju ti táyà mi lọ. Kò sí fọkanáísà nínú igbó. A wọ́ kẹ̀kẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí àyà mi ṣe kanlẹ̀ ni ọsàn tú jáde láti ẹ̀yìn mi, ó gba orí mi kọjá, ó yí lọ bá bàbá lẹ́sẹ̀. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "Ṣé o ń tà á ni?"

Mo ní wọ́n ní ọ̀nà yẹn lọ. Wọ́n ní, "O béèrè bóyá ọ̀nà lọ. O ò dúró béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ lè lọ. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ là ń júwe ọ̀nà fún. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo dárúkọ bàbá mi. Wọ́n mi orí, wọ́n yọ fóònù. "Ìyá Àlàó, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi lóko. Rárá, kò sọnù. Ọ̀nà ló sọnù mọ́ ọn lójú."

Bàbá yìí ló fi sólúṣọ̀n tó wà nínú àpò Raleigh wọn lẹ túùbù mi, àwọn ló sì ṣíwájú wa. Èmi ló kẹ́yìn. Wọn ò sáré. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n ń fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kí: ẹ kú oko, ará ilé ńkọ́, iṣu ńkọ́? Inú ń bí mi sí ìdádúró yìí, títí mo fi ṣàkíyèsí pé kò sí ìkíni tí kò so èso. Ẹnìkan sọ pé afárá kan ti já, a yà. Ẹlòmíràn ní wọ́n ń jó igbó níwájú, a tún yà. Bàbá tó ń gba ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ ṣì ń béèrè bó ṣe wà lónìí. Èmi tí mo fi í sílẹ̀ láti kékeré ni n kò ní ohun tí mo fẹ́ bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a dé ilé, àmàlà ti délẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú ń dúró. Màmá mi kí bàbá, wọ́n kí Ọ̀gá, wọ́n kí gbogbo ẹgbẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú Ọ̀gá, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun gan-an o, tí ẹ bá mi mú un délé."

Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn pé èmi ni mo mú wọn wá. Èmi náà ò ṣàlàyé. Àmàlà kún ẹnu mi.