Ọ̀gá Alásẹ́

Bí ẹ bá dé ilé Ọ̀gá Alásẹ́ ní Lekki, ẹja kọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹja wà lókè nínú gíláàsì gbọọrọ, iná búlúù tàn sí wọn lára, àlejò tó bá sì rí wọn á fẹ́ sún mọ́ wọn. Ọ̀gá á ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná." Á ká agbádá lé èjìká, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ gíláàsì, á sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú òkùnkùn ibẹ̀, níbi tí páìpù, wáyà àti ike tó ń hó ti gun ara wọn. Á gbójú sókè, òógùn ti bò ó: "Ibí gan-an ni aquarium."

Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Kó tó kan ẹja, kámẹ́rà ni: lẹ́ńsì mẹ́rin, fọ́tò àwọn ọmọ ò pé mẹ́wàá. Kó tó kan kámẹ́rà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ ni, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń sá tówẹ́ẹ̀lì lé báyìí. Ọkùnrin tí owó dé ọwọ́ rẹ̀ ni, tó sì gbà pé kò sí ohun tó lè le láyé bí èèyàn bá ti ra èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀.

Ìdòwú, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ló dá ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀. Ó wo fíìmù Finding Nemo, èyí tó jáde lọ́dún 2003, ó ní òun fẹ́ ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ní ilà funfun yẹn. Ìyẹn ò le. Clownfish méjì kì í béèrè ààfin. Bàbá ní òun á rà á, àmọ́ kí òun kọ́kọ́ wá asẹ́ tó dáa. Ó ń wá a. Ìdòwú wọ JSS1, ó ń wá a. Nígbà tí omi fi máa dé inú gíláàsì, Ìdòwú ti ń múra WAEC, kò sì rántí ẹja mọ́.

Kí ló ń wá? Ẹ má bi í o, àfi tẹ́ ò bá níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Canister, ìyẹn ike onídèérí tí wọ́n ki fóòmù àti amọ̀ sísun sí nínú: kò gbà á gbọ́, ó ní ìdọ̀tí máa ń jókòó síbẹ̀. Ó rà á ṣáá. Èyí tí omi ń kán sórí àwọn bọ́ọ̀lù ike: ó ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó ra ìyẹn náà, kó lè fi ohun tí kò dáa lára rẹ̀ hàn wá. Iná UV, tó ń pa kòkòrò àrùn tí omi bá gbé kọjá níwájú rẹ̀: ó ra méjì. Iye lítà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ní wákàtí kan, orí ló fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀, fóònù ló ń rán an létí.

Èyí tó sì ń dùn mí ni pé kì í parọ́. Gbogbo ohun tó ń kà sílẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó ń pa ẹja nínú gíláàsì kì í ṣe èyí tí fóòmù lè gbá mú. Amóníà ni. Ibi tí ẹja fi ń mí ló ń gbà jáde, ó sì tún ń jáde lára oúnjẹ àjẹkù tó ń jẹrà nínú iyanrìn. Ojú ò rí i; omi á mọ́ gaara, ẹja á máa kú. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé lòun náà. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ omi. Inú ihò òkúta òkun àti iyanrìn ni àwọn bakitéríà yìí ń gbé, wọn kì í sì gba owó oṣù. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́ fún Ọ̀gá. Ó ti wá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rà dé Dubai, wọn ò tà á níbẹ̀.

Lọ́dún 1961, ọkùnrin kan ní Jakarta, Lee Chin Eng, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn olólùfẹ́ ẹja ní Amẹ́ríkà nípa bó ṣe ń ṣe tirẹ̀: òkúta tí wọ́n gbé láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun abẹ̀mí tó wà lára rẹ̀, omi òkun, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àti páìpù tín-ín-rín kan tó ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi. Ó parí. Lẹ́yìn náà làwọn ará Jámánì, ní Berlin, mú òkúta yẹn, wọ́n fi skimmer alágbára tì í lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin kóráàlì sì ń tọ ọ̀nà yẹn dòní. Ọ̀gá mọ ìtàn méjèèjì, ó tún mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Skimmer nìkan ló mú níbẹ̀.

Iṣẹ́ skimmer ni kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, wínníwínní. Ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ọn, á bá a gòkè, á di ìfófó, á sì dà sínú ife tó wà lórí ẹ̀rọ náà, dúdú, pẹ̀lú òórùn tó ń lé àlejò. Inú omi iyọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa; nínú omi odò, ìfófó yẹn kì í fẹ́ dúró. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé bí ìfófó tá a máa ń fi ṣíbí bù dànù lórí ẹ̀wà ni?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, púrótéènì ló wà nídìí méjèèjì. Ọ̀gá ò dá a lóhùn. Ẹ̀rọ tó ná an ní dọ́là, kí ẹnì kan máa fi ṣíbí ẹ̀wà wé e!

Skimmer rẹ̀ àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Houston. Iná 120 volt ni wọ́n ṣe é fún, Ọ̀gá sì ki í bọ inú iná 230 tiwa. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó rú èéfín lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò fi òmíràn ránṣẹ́, Ọ̀gá ra transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń falẹ̀, nítorí transformer kò lè sọ 50 hertz ti Nàìjíríà di 60 hertz ti Amẹ́ríkà, mọ́tò náà kò sì lè yí tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Ọmọkùnrin tó ń bá a tọ́jú ẹja ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, iná tiwọn bá tiwa mu. Kò tiẹ̀ tó ìdajì owó yìí." Àbá dáadáa ni, gbólóhùn kejì ló bà á jẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀, mo gbè é lẹ́yìn, bí gbogbo àdúgbò tiẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Òkun Àtìláńtíìkì wà lópin òpópónà wọn, à ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lóru, Ọ̀gá sì ń ra iyọ̀ òkun inú garawa láti ìlú òyìnbó: bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, nínú lítà 600, ó lé ní ogún kílò. Àmọ́ omi ọ̀sà àti ìdọ̀tí ìlú ti dà pọ̀ mọ́ omi etíkun wa, òjò sì tún máa ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Ohun tí kò yé mi ni omi tó ń po iyọ̀ olówó ńlá yìí sí: omi bọ́ọ̀hòlù ilé, tó ti sọ táìlì funfun bálùwẹ̀ wọn di pupa. Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní RO, tó máa fọ irú omi bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja, wà lára èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ohun tó yẹ kó rà. Kò rà á. Ẹ̀yìn kíṣìnnì ni wọ́n ń gbé e kọ́, àlejò kì í sì í dé ibẹ̀.

Ọjọ́ àádọ́ta ọdún rẹ̀ ló fẹ́ kí ayé wá wo ẹja. Omi kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì nínú gíláàsì. Ọmọkùnrin yẹn bẹ̀ ẹ́: "Dádì, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀ sí i." Ọ̀gá ní, "Kó jókòó ṣe kí ni? Ṣé ìjókòó ni mo sanwó rẹ̀ fún?" Ẹja mọ́kànlá wọlé, èyí aláwọ̀ búlúù, èyí aláwọ̀ yẹ́lò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe fẹ́ gé kéèkì, wọ́n múná lọ. Pọ́ǹpù dákẹ́. Omi tí pọ́ǹpù ti ń tì gòkè gba inú páìpù kan náà padà wálẹ̀ sínú sump, ìyẹn gíláàsì kejì tó fi pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó ti kún dé ẹnu tẹ́lẹ̀. Ihò kékeré kan tí èèyàn lè fi ìṣó gbígbóná lu sára páìpù náà, nítòsí ojú omi, ni ì bá dá a dúró, torí afẹ́fẹ́ á gbabẹ̀ wọlé, omi á sì já. Wọn kì í ta ihò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà Ọ̀gá ò ní. Nínú òkùnkùn, a gbọ́ ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀. Àǹtí kan gbẹ́sẹ̀ sókè: "Ta ló ń wẹ̀?" Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, kápẹ́ẹ̀tì Tọ́kì ti mu omi òkun yó.

Ọ̀gá ní sump ló kéré. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, amóníà pa mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá; ó ní skimmer ló kéré. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó ń sin àrọ̀ ní Ìkòròdù, tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹ̀rọ tó ń fa omi àti táńkì lọ, wá kí i kú ìdààmú. Ó dúró níwájú gíláàsì fúngbà díẹ̀. "Àna mi, omi yìí, ṣé ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ti òkun yàtọ̀ sí ti àrọ̀."

Clownfish méjì ló ṣẹ́kù, àwọn ni kì í tètè kú. Àwọn méjèèjì ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú lítà 600, ẹ̀rọ tó lè sẹ́ omi ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn sì ń hó lábẹ́ wọn tọ̀sántòru. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú wọn mọ́kàn le, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí ti pọ̀ ju omi lọ." Ọ̀gá dákẹ́. Ó rò ó sùn, ó rò ó jí. Ní òwúrọ̀ ó pè é, ó fún un lówó, ó ní òótọ́ ló sọ, gíláàsì ló kéré.

Bíríkìlà ti dé láti ọjọ́ Ajé, wọ́n ń wó ògiri yàrá àlejò. Mo rí àwòrán tí Ọ̀gá fún wọn: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ fún ẹja, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá fún ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn gíláàsì níwájú ẹ̀rọ.